Káàdì Inú Ọ̀rá: Ìwé Nọ́ọ̀sì láti Ìmẹ̀sí-Ilé dé Agbègbè Èjìgbò

Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ilé ìlera kékeré kan ní agbègbè Èjìgbò. Ara mi yá o, ẹ má bẹ̀rù. Ọmọ àbúrò mi ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un ni, mo sì dúró díẹ̀ kí n wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ni, àwọn ìyá kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Lórí tábìlì rẹ̀, rẹ́jísítà ńlá mẹ́ta wà níbẹ̀, ìwé kékeré kan wà níbẹ̀ tó fi bírò fa ìlà sí fúnra rẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì kan náà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fún un pé kó máa fi kọ orúkọ. Ìyá àgbà kan wọlé, ó gbé ọmọ oṣù 11 dání, ìyá ọmọ náà ń tẹ̀ lé e. Àná ni wọ́n ti Àbíjàn dé. Nọ́ọ̀sì tẹ orúkọ ọmọ náà sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, kò rí nǹkan kan. Ìyá àgbà ò tiẹ̀ wò ó. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ọ̀rá kan jáde, ó sì yọ ìwé pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀. Carnet de santé ni. Gbogbo abẹ́rẹ́ tí ọmọ náà ti gbà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i wà níbẹ̀ ní èdè Faransé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó," ọmọ mi ké sí mi.

Mo wọ jígí mi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń fi Faransé ka ìwé ìtàn, àyà mi sì balẹ̀. BCG wà níbẹ̀, ti rọpárọsẹ̀ wà níbẹ̀, fièvre jaune, ìyẹn ibà pọ́njú, wà níbẹ̀ pẹ̀lú déètì àti òǹtẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi rougeole, èéyi, mi ò rí déètì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀: rupture. Mo ní, "Hẹn-ẹn, ó jọ pé nǹkan kan ti já lára ọmọ yìí rí o." Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ọjà Adjamé ló ti ta aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan tó já. Ó tán ni! Wọ́n ní abẹ́rẹ́ yẹn ti tán lọ́wọ́ àwọn."

Bí ọjọ̀gbọ́n ṣe gba ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rá yẹn ni mo gbé sọ́kàn lọ sílé. Ọ̀kan nínú yín, tó ti di àgbà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Ọba, ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé kí n wo ìtàn ohun tí wọ́n ń pè ní nursing informatics, ìyẹn bí nọ́ọ̀sì ṣe ń kó ìròyìn nípa aláìsàn jọ, bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀, tó sì ń fi í ṣiṣẹ́. Òun rò pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ́ yín láti béèrè lórí ìwé àtijọ́ èyíkéyìí ni mo fẹ́ béèrè níbí: ta ló kọ ọ́, ta ló ń kà á, ọwọ́ ta ló sì wà?

Gbogbo nọ́ọ̀sì ló mọ Florence Nightingale sí obìnrin alátùpà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n sí oníṣirò. Nígbà ogun Crimea, 1854 sí 1856, ó rí i ní ilé ìwòsàn àwọn sójà ní Scutari pé ìwé tí wọ́n fi ń ka òkú kò bára mu rárá. Nígbà tó padà sílé, ó kó iye àwọn tó kú jọ, ó sì yà wọ́n ní àwòrán ní 1858, kí àwọn aláṣẹ tí nọ́ńbà máa ń sú lè fojú ara wọn rí i pé àrùn tí a lè dènà ló pa sójà ju ọgbẹ́ ogun lọ. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò ní London gbà á wọlé, obìnrin àkọ́kọ́ láàárín wọn. Ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ni Kọ́fowórọlá Abẹ́ní Pratt wọ̀ ní 1946, òun náà ló sì padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH, Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti sùn ní wọ́ọ̀dù rí mọ ṣáàtì tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì: ìgbóná ara, ìlù ọkàn, èémí, ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì ló ń kọ ọ́, nọ́ọ̀sì tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì ń kà á. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìmẹ̀sí-Ilé ni mo fẹ́ kí a lọ báyìí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà ni, lápá ìlà-oòrùn, láàárín àwọn òkè. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀ṣun ni kò mọ̀ pé ìwé kan tí ó rin gbogbo ayé já, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1956, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ David Morley dé sí Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ilé ìwòsàn tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní 1912. Ohun tó rí níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó gbé ayé ìgbà náà: wọ́n máa ń gbé ọmọ wá nígbà tí ọ̀ràn ti bàjẹ́. Èéyi, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́ fée, ibà, àìjẹunre-kánú, ọ̀kan á máa ti èkejì. Dókítà ò pọ̀. Morley rí i pé bí òun bá jókòó sí Iléṣà tí òun ń dúró de aláìsàn, ikú ni òun á máa bá pàdé. Láti 1957 ni òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìkókó, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, oṣù dé oṣù. Nọ́ọ̀sì ló wà nídìí ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń kọ́ wọn láti dá àrùn mọ̀, láti fún ọmọ lóògùn, àti láti mọ èyí tó yẹ kí wọ́n tètè gbé lọ bá dókítà. Lákòókò náà, ohun tuntun gbáà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ dókítà ni kò fara mọ́ ọn pé kí nọ́ọ̀sì máa kọ oògùn.

Ṣùgbọ́n báwo ni nọ́ọ̀sì kan tó ń rí ọmọ púpọ̀ lójúmọ́ yóò ṣe mọ èyí tó wà nínú ewu? Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni káàdì. Káàdì líle kan ni, wọ́n fa ìlà méjì sí i bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Oṣù ọmọ ni ó wà nísàlẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Oṣù tí wọ́n bí ọmọ ni wọn á kọ sí àpótí àkọ́kọ́, wọn á wá tò ó lọ títí tí yóò fi pé ọdún márùn-ún, kí nọ́ọ̀sì má baà máa ṣírò ọjọ́ orí lójoojúmọ́ tí ojú ń kán an. Bí ìyá bá gbé ọmọ wá, wọn á wọ̀n ọ́n, wọn á fi àmì tótó kan sí ojú oṣù náà, wọn á sì fi ìlà so ó pọ̀ mọ́ ti oṣù tó kọjá. Bí ìlà náà bá ń gòkè, ó dára. Bí ó bá dọ́gba, ẹ fura. Bí ó bá ń wálẹ̀, ewu ti dé. Ọ̀nà sí ìlera ni wọ́n sọ káàdì náà.

Ohun tó ya mi lẹ́nu jù nínú káàdì yìí ni pé ó ń sọ ohun tí ojú kò tíì rí. Ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ dúró lójú kan fún oṣù méjì ṣì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì kún, ìyá rẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ìlà yẹn ti mọ̀. Nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ ló ń kà á lójú ẹsẹ̀, ìyá náà sì lè rí i, ì báà má mọ̀wé, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ibi tí wọ́n wá gbé káàdì yìí sí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Wọn kò kó o sí yàrá fáìlì. Wọ́n fi sínú ọ̀rá, wọ́n sì fún ìyá. Ẹ rántí ayé ìgbà náà, pé àwọn aláṣẹ gbà pé obìnrin oko kan ò lè tọ́jú ìwé. Morley tako wọn, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ìyá ń tọ́jú káàdì wọn dáadáa. Èmi ò rí ohun ìyanu kankan nínú ìyẹn. Ìyá tó ń tọ́jú rìsíìtì owó orí ọkọ rẹ̀ nínú àpótí, kí ló fẹ́ ṣe é tí kò fi ní tọ́jú ìwé ọmọ tó fẹ́ kó yè?

Morley padà sí ìlú Ọba ní 1961. Káàdì náà ò padà. Ó lọ káàkiri Áfíríkà àti Éṣíà, àwọn orílẹ̀-èdè tún un ṣe bó ṣe wù wọ́n, UNICEF fi wíwọ ìdàgbàsókè ọmọ ṣe ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tó gbé lárugẹ ní àwọn ọdún 1980. Ní 1979, òun àti Margaret Woodland kọ ìwé kan lórí rẹ̀, See How They Grow. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Nígbà tó di ọdún 1980 sí 1990, àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò ń sọ pé ní ibi púpọ̀, wọ́n ń wọ ọmọ, wọn ò fa ìlà. Tàbí kí wọ́n fa ìlà, wọn ò bá ìyá sọ̀rọ̀. Káàdì di ohun tí wọ́n ń kún kí ọ̀gá lè rí i. Ẹ jẹ́ ká rántí èyí nígbà tí a bá dé orí kọ̀ǹpútà.

Káàdì nìkan kọ́ o. Ní 1972, Philpott àti Castle gbé irú rẹ̀ kan jáde fún àwọn agbẹ̀bí ní ibi tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí. Wọ́n fa ìlà méjì sórí ìwé ìrọbí, wákàtí mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Bí ìrọbí obìnrin bá ti kọjá ìlà àkọ́kọ́, agbẹ̀bí mọ̀ pé àkókò tó láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kó tó dé ìlà kejì. Ẹ wò ó: àwọn ilé ìtọ́jú tó jìnnà sí dókítà ló bí ìwé méjèèjì yìí. Níbi tí dókítà bá ti pọ̀, ìwé lè dọ̀tí. Níbi tí nọ́ọ̀sì bá dá wà, ìwé ni ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọdá sí Ifẹ̀, nítorí Wesley Guild Hospital ló gbé wa débẹ̀. Ní 1975, ilé ìwòsàn Iléṣà yìí di apá kan ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí à ń pè ní OAUTHC lónìí. Ní 1989 ni ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ifẹ̀, ilé ìwòsàn náà, àti Yunifásítì Kuopio ní Finland bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan papọ̀. Roger Makanjuola, oníṣègùn ọpọlọ tó tún jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, wà nídìí rẹ̀. Mikko Korpela láti Finland wà níbẹ̀, Abímbọ́lá Soriyan wà níbẹ̀ láti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ẹ rántí irú àkókò wo ni 1989. SAP ti dé láti 1986, náírà ń yọ́, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ọ́fíìsì ń fi aṣọ bò ó bí òrìṣà. NEPA ò sì ní kó o sinmi.

Wọn ò ra ètò olówó ńlá. Wọ́n mú èyí tí ilé ìwòsàn àwọn sójà-fẹ̀yìntì Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní VA, ti kọ, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì tún un ṣe fún Ifẹ̀. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde, tí wọ́n tún kọ lẹ́yìn náà, ni wọ́n sọ ní MINPHIS. "Made-in-Nigeria" ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà dúró fún, wọ́n sì fi ṣe yangàn. Ó ń kọ orúkọ aláìsàn, àrùn rẹ̀, ìgbà tó wọlé àti ìgbà tó jáde, ó sì ń ṣe ìròyìn tí ilé ìwòsàn fi ń jíṣẹ́ fún ìjọba. Ní 1993, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìpàdé HELINA àkọ́kọ́, ìpàdé lórí ìmọ̀ yìí fún gbogbo Áfíríkà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín. Wọ́n rò pé Nairobi tàbí Cape Town ni gbogbo nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè wa. Ta ló ń kọ ọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àkọsílẹ̀ ni, láti inú fáìlì tí dókítà àti nọ́ọ̀sì ti kọ. Ta ló ń kà á? Àwọn aláṣẹ, àwọn olùwádìí, ìjọba. Ohun tí wọ́n nílò nìyẹn lákòókò náà, mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù lóru, ìwé rẹ̀ ló ṣì ń kà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà, kò sì padà sí ọwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe àyànmọ́ pé kó rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Ọba, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Maureen Scholes wà lára àwọn tó pe ìpàdé ní London ní 1982 lórí ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì sọ ọ́ níbẹ̀ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ti inú VA yẹn gan-an wá, ilé tí ètò Ifẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní 1992, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn VA ní Topeka, Sue Kinnick, lọ dá ọkọ̀ tó háyà padà. Ó rí i tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ẹ̀rọ ọwọ́ kan wo àmì ilà-ilà tó wà lára ọkọ̀, tí gbogbo ìròyìn ọkọ̀ náà sì jáde lójú ẹsẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá lè ṣe èyí fún ọkọ̀, kí ló dé tí a ò lè ṣe é fún oògùn? Láti inú ìbéèrè yẹn ni ètò tí nọ́ọ̀sì fi ń wo àmì ara oògùn àti àmì ọrùn ọwọ́ aláìsàn kó tó fún un ní oògùn ti jáde. Kó tó parí ọ̀rúndún tó kọjá, VA ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án dé gbogbo ilé ìwòsàn rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún aláìsàn ní oògùn ló mọ ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹ̀rọ náà ń dá a lóhùn níbi tó dúró sí, lákòókò tó nílò rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Èjìgbò, àgbà olùkọ́, ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ mọ bí Èjìgbò ṣe jókòó: Ògbómọ̀ṣọ́ wà lápá kan, Òṣogbo lápá kan, Ẹdẹ àti Ìwó kò jìnnà. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn níbẹ̀, ibi tí mọ́tò bá kọ́kọ́ ń lọ ló máa lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní fáìlì ní ilé ìwòsàn mẹ́rin, kò sì sí èyí tó mọ ìkejì. Ó ṣubú ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé e lọ sí ọ̀kan nínú wọn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣe dáadáa. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ pé, "Mọ́mì, oògùn wo ni wọ́n ń lò?" Ìyá náà ní, "Funfun kékeré ni, ọ̀kan sì pupa." Fáìlì wà ní yàrá fáìlì, yàrá fáìlì wà ní títì di àárọ̀. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ o, méjì. Ibi tí wọ́n ti ń gbowó ló wà, iná sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi yè é. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó fi ń kọ pátákó fún ọdún 35 ò ṣeé gbé sókè mọ́.

Nígbà tí àwọn kan bá ń sọ fún mi pé a ti ní ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ìdáhùn mi ni pé òótọ́ ni, a ní. DHIS2, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wá láti iṣẹ́ kan ní South Africa lẹ́yìn ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, tí Yunifásítì Oslo sì ń tọ́jú, ni Nàìjíríà ń lò láti kó ìròyìn ìlera jọ láti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Ó wúlò. Ẹni tó jókòó sí Àbújá lè mọ iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ èéyi ní Èjìgbò lóṣù tó kọjá. Ṣùgbọ́n iye ni. Níparí oṣù, ọmọ àbúrò mi á ka àmì inú rẹ́jísítà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kọ àròpọ̀ sí fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù á lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Orúkọ ọmọ á ṣẹ́ kù sílé, nọ́ńbà á rìnrìn àjò.

Tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yìí ṣáà ń kọ orúkọ. Mo ní kí ló wá dé tí inú rẹ̀ ò fi dùn sí i. Ó ní, "Bàbá, mo kọ orúkọ sí rẹ́jísítà, mo tún kọ ọ́ síbí. Wọn ò ní kí n fi rẹ́jísítà sílẹ̀. Bí mo bá wá fẹ́ mọ ọmọ tó yẹ kó wá lóṣù yìí tí kò wá, ibo ni mo máa tẹ̀?" Ó tẹ ibi gbogbo fún mi. Kò síbẹ̀. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà ò lè ṣe é; àwọn ètò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà láyé. Àwọn tó gbé èyí wá ni kò bi í léèrè. Dátà náà sì tún wà níbẹ̀: òun ló ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà tó fi ń fi dátà ránṣẹ́. Ẹ bá mi túmọ̀ gbólóhùn yẹn sí Yorùbá ayé Àjàyí Crowther.

Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀ wà nínú ìwé tó fi bírò fa ìlà sí. Ojú ewé kan fún oṣù kan. Orúkọ ọmọ, agboolé, nọ́ńbà fóònù bàbá, abẹ́rẹ́ tó kàn. Ẹni tó bá wá, ó fi ìlà pa á rẹ́. Ẹni tí kò bá wá, ó pè é, tàbí kó ní kí aládùúgbò jíṣẹ́. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Bí mo ti ń wò ó, Ìmẹ̀sí-Ilé ni mo ń rí: ẹni tó kọ ọ́ ló ń kà á, ó sì ń ti ibẹ̀ mọ ohun tó kàn láti ṣe. Ìwé náà ní àléébù tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́la, yóò mú un lọ, tàbí kí ẹni tó rọ́pò rẹ̀ fi í wé ẹ̀pà. Bí òjò bá wọlé, ó parí. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ì bá ti ràn án lọ́wọ́.

Ti àwọn ará Àbíjàn tún wà lọ́tọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni Èjìgbò ti ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀. Ní ọjà Èjìgbò, ẹ ó gbọ́ Faransé lẹ́nu ọmọ tó ń ta omi. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 2002, àti nígbà tí ìdìbò di ìjà ní 2011, ọ̀pọ̀ ẹbí ló sá padà wálé pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́. Mọ́tò kan náà ló ń gba Ghana, Togo àti Benin kọjá. Kò sí ètò orílẹ̀-èdè kankan tí a kọ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ti Àbújá parí sí Sẹ̀mẹ̀, ti Àbíjàn bẹ̀rẹ̀ láti ìkejì. Faransé ti ní ìwé ìlera ọmọ láti ọ̀rúndún 19, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìmẹ̀sí-Ilé, ṣùgbọ́n inú ọ̀rá lọ́wọ́ ìyá àgbà ni àwọn méjèèjì bára wọn.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ èéyi. Ó ké, ó dákẹ́. Nọ́ọ̀sì mú carnet náà, ó fa ìlà kan la rupture já, ó kọ déètì àti nọ́ńbà ara ìgò abẹ́rẹ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹ òǹtẹ̀.

"Ṣé wọ́n á lè kà á lọ́hùn-ún?" ìyá ọmọ náà béèrè. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni wọ́n máa padà.

"Wọ́n á kà á, Mọ́mì. Kí ẹ má ṣáà jẹ́ kó sọnù."

Ìyá àgbà ò tiẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti dì í sínú ọ̀rá, ó ti so ó mọ́ etí ìró. Ọmọ àbúrò mi ṣí ìwé tirẹ̀ sí oṣù kẹrin sí ìgbà náà, ó kọ orúkọ ọmọ náà síbẹ̀ fún abẹ́rẹ́ kejì, ó sì kọ "Àbíjàn" síwájú rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìbéèrè. Tábúlẹ́ẹ̀tì ṣì ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tí mo dìde.